Oníjà Orí Yìnyín

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyá mi kò mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ó mọ̀ pé mò ń ṣeré ìdárayá ní òkè òkun, ó mọ̀ pé orí omi dídì ni a ti ń ṣe é, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà ni mo fi kọ́ ilé tó ń gbé ní Atakpamé, ní ẹsẹ̀ òkè, nítòsí ọjà. Bí àwọn obìnrin tó jókòó tì í ní ọjà bá bi í pé irú eré wo nìyẹn, á nawọ́ sí obìnrin tó ń ta omi dídì nínú ọ̀rá, á ní, “Ẹ rí ìyẹn? Irú rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Ọmọ mi á wọ bàtà onírin, á máa sáré lórí ẹ̀.” Àwọn obìnrin náà á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, “Àlájà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn!” Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá wá sílé, n kì í sì í sọ èyí tó kù.

Èyí tó kù ni pé wọn kò gbà mí síṣẹ́ torí pé mo mọ eré náà ṣe. Wọ́n gbà mí láti jà.

Nínú họ́kì orí yìnyín, ọ̀pá gígùn kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú lọ́wọ́, òun ni a fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan sínú àwọ̀n. Eré náà yá, ó sì le. Àwọn tó mọ rọ́bà náà gbá jù kì í sábà tóbi, àwọn alátakò a sì máa dìídì kọlù wọ́n láti ṣe wọ́n léṣe. Nítorí náà, ẹgbẹ́ máa ń ní ẹnì kan tó tóbi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lọ bá ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì á bọ́ ìbọ̀wọ́ jù sílẹ̀, wọ́n á di ara wọn lẹ́wù mú, wọ́n á máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu ara wọn lójú. Rẹfirí á dúró tì wọ́n, á máa wò wọ́n títí ọ̀kan á fi ṣubú. Àwọn èrò á dìde, wọ́n á pariwo ju ìgbà tí rọ́bà wọ àwọ̀n lọ. Ẹni tó tóbi yẹn ni mí, ní Kánádà, ní Faransé, ní Họ́ngárì, ní Sìlòfákíà, ní àwọn ìlú kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ní Atakpamé kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Ojo sì ni mí. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ síwájú.

Bàbá bàbá mi ló ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá tajà ní Atakpamé, tí kò sì padà mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Yorùbá ni à ń sọ nínú ilé, Faransé ní ilé ìwé. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi sì ń ta abọ́: abọ́ tánganran, abọ́ ike, ìkòkò, ife. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ olùkọ́ kan, wọ́n ń gbé ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé ní Kánádà, wọn kò sì bímọ. Nígbà tó wá kí wa, ó bẹ ìyá mi pé kí ó jẹ́ kí òun mú mi lọ kàwé. Ìyá mi gbà. Mo sunkún láti Atakpamé dé Lomé, mo sì ń sunkún títí bàálù fi gbéra.

Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀, adágún tó wà lẹ́yìn ilé wọn dì, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sáré lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ra bàtà onírin fún mi, ó ní kí n lọ bá wọn ṣeré kí n má baà dá wà. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa aṣọ líle ya nísàlẹ̀ omi. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ dúró. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, pé ó fi hàn pé yìnyín náà ki ni. N kò gbà wọ́n gbọ́. Mo ń wo ìsàlẹ̀, mo sì rí omi dúdú náà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń wo inú kànga láti orí gíláàsì. Mo mọ eré náà nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n n kò gbé ẹsẹ̀ lé yìnyín rí, kódà nínú gbọ̀ngàn tí kò sí omi kankan lábẹ́ rẹ̀, kí n má kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀.

Mo ga, mo sì fẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Nígbà tí mo ti ń di géńdé, ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ mìíràn bú mi nítorí àwọ̀ mi. N kò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́. Ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà sórí yìnyín funfun yẹn. Jìnnìjìnnì bò mí, mo rò pé wọ́n máa lé mi padà sí Tógò. Kóòṣì wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra. Ó gbá mi léjìká pẹ́pẹ́.

Ó ní, “O ò tíì mọ rọ́bà gbá dáadáa, bóyá lo sì máa mọ̀ ọ́n tó àwọn kan. Ṣùgbọ́n ohun tí o ṣe lónìí yẹn, oúnjẹ rẹ wà níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tó ń fi ìjà jẹun kì í bẹ̀rù. Bí ìdíje bá ku ọjọ́ díẹ̀, mo ti mọ ẹni tí mo máa bá jà. Màá máa wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, bó ṣe ń ju ọwọ́ òsì, bí àwọn tó lù ṣe ń ṣubú. Láti ìgbà náà, oúnjẹ á di iyanrìn lẹ́nu mi. Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa ta káàdì, èmi á fi fìlà bojú bí ẹni ń sùn, àyà mi á sì máa lù kìkìkì. Bí a bá dé yàrá ìmúra, màá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ bì. Màá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́. Màá ka àwọn súrà kúkurú tí wọ́n fi kọ́ mi ní ilé kéwú, ojú á sì tún tì mí, torí mo mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe lẹ́yìn àdúrà náà. Lẹ́yìn náà màá fọ ẹnu, màá jáde, màá fa ojú ro. Wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, ẹ̀rù kì í ba eléyìí.”

Àdéhùn mi kì í ju ọdún kan lọ níbì kankan. Bí mo bá kọ ìjà lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á wá ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ìjà ṣe ń bà mí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń bà mí lẹ́rù pé ọjọ́ kan á dé tí ẹnikẹ́ni kò ní pè mí wá jà mọ́. Mo ti ìlú kan dé èkejì. Nígbà mìíràn tí mo bá jí láàárọ̀, màá kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ láìmira, màá máa tẹ́tí sí èdè tí wọ́n ń sọ lójú títì kí n lè rántí orílẹ̀-èdè tí mo wà.

Ní Sìlòfákíà, oníjà kan wà nínú ẹgbẹ́ ìlú tó múlé gbe tiwa. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá pàdé wọn ni èmi àti òun ń jà, àwọn ará ìlú méjèèjì ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìjà náà, wọ́n gbé àwa méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn kan náà. Wọ́n rán ìpéǹpéjú mi, wọ́n sì fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ torí pé egungun ìka rẹ̀ ti kán sí orí mi. A bá ara wa lórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ọsàn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè bó. Ó ń fi eyín fà á, kò rí i ṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bó o, mo sì fún un.

Ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé bí a bá máa pàdé yín lọ́jọ́ Sátidé, láti ọjọ́ Ajé ni n kì í ti í lè jẹun? Ìyàwó mi rò pé inú ló ń run mí.”

Mo yíjú sí i. Mo ní, “Èmi náà. Èmi náà gan-an nìyẹn.”

Ó fún mi ní ìyókù ọsàn náà. A jẹ ẹ́ tán. Mo rò pé lẹ́yìn ọjọ́ náà a ò ní lè na ara wa mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ san, ìdíje tún dé, àwọn èrò tún ń kígbe orúkọ wa, kóòṣì mi sì wo apá ibi tí mo jókòó sí. Mo dìde. Òun náà dìde. Mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ kedere, torí mo ti mọ bí ó ṣe rí báyìí, òun náà sì rí tèmi. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bà mí lágbọ̀n. Akoto tó ń dáàbò bo orí mi ti bọ́. Ẹ̀yìn orí mi ló kọ́kọ́ balẹ̀ lórí yìnyín.

Wọ́n ní mo dìde fúnra mi, mo sì juwọ́ sí àwọn èrò. N kò rántí rẹ̀. Ohun tí mo rántí tẹ̀ lé e ni aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé ní ilé ìwòsàn, àti ìmọ́lẹ̀ tó ń gún mi lójú bí abẹ́rẹ́. Dókítà wọn ní ọpọlọ mi mì tìtì, kí n sinmi. Ẹgbẹ́ náà kò fún mi ní àdéhùn mìíràn. Ọkùnrin tó ń bá mi wá ẹgbẹ́ kiri, tó jẹ́ aṣojú mi láti ọjọ́ pípẹ́, ní kí n lọ sílé kí n lọ gbatẹ́gùn, òun á pè mí.

Ọyẹ́ ni mo bá dé Atakpamé. Eruku bo gbogbo òkè, oòrùn funfun bíi gílóòbù. Inú ìyá mi dùn, ó ń gbọ́únjẹ bí ẹni ń ṣàlejò ọba. Ọ̀rọ̀ mi kò yé e nígbà tí mo ní kí ó bá mi fa aṣọ bo fèrèsé lọ́sàn-án. Mo ní oorun ló ń kùn mí. Bí alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjàn bá gba iwájú ilé gun òkè, ariwo rẹ̀ a máa wọ inú eyín mi. Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni ọ̀rọ̀ tó ń sọnù mọ́ mi lẹ́nu. Mo jókòó sídìí oúnjẹ, mo fẹ́ ní kí ó fún mi ní iyọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì sí lẹ́nu mi. Ó ṣófo. Mo wá a ní Faransé, n kò rí i. Mo kàn dìde, mo lọ mú un fúnra mi. Ìyá mi ní, “Ó mà ti di ará Kánádà, kò fẹ́ rán ìyá ẹ̀ níṣẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín. Nínú ilé ìwẹ̀, mo di etí agbada omi mú pinpin.

N kò sọ fún un. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, á di òótọ́.

Ní àárọ̀ kan, awakọ̀ tó máa ń gbé ìyá mi lọ sí ọjà Moretan lọ sìnkú ní abúlé rẹ̀. Ẹrù ti wà nílẹ̀, ọjà náà kì í sì í ná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyá mi wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ọkọ mi, ìwọ náà ṣáà mọ ọkọ̀ wà. Ṣé o máa gbé mi dé Moretan?” Ọkọ̀ tí mo rà fún un ni. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Mo di abọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyá mi jókòó tì mí pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́, ó ní, “Bísímílláhì,” a sì gbéra.

Ó dára títí a fi kọjá ojú ọ̀nà tó yà sí Akparé. Ìyá mi ń sọ ìtàn oníbàárà rẹ̀ kan tó ra ìkòkò, tó fi dáná fún ọ̀sẹ̀ kan, tó dá a padà pé kò tóbi tó. Mo ń rẹ́rìn-ín. Abọ́ ń dún ṣanran-ṣanran lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan já nínú mi láìdún.

Ọ̀nà pupa ni mo rí, àti igi gẹdú lọ́tùn-ún àti lósì. Ọwọ́ mi wà lórí ọwọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo wà. N kò mọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́. Mo ń retí yìnyín lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì sí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Obìnrin àgbàlagbà kan fi gèlè funfun bo orí, ó ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohùn, n kò gbọ́ ìtumọ̀. N kò mọ ẹni tó jẹ́, n kò sì mọ bí ó ṣe dé inú ọkọ̀ mi. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, kò sí oníjà kan tó dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fi Faransé bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, níbo ni a ń lọ?”

Ìyá mi dákẹ́. Faransé rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn yé e. Ó wò mí lójú. Nígbà tó fi máa wo iwájú, ọkọ̀ ńlá kan tó kó òwú ń bọ̀, ọkọ̀ wa sì ti wọ ìhà tirẹ̀.

Kò pariwo. Títí di òní ni mo ń ronú bí kò ṣe pariwo. Ohùn tí ènìyàn fi ń pe ọmọ wá jẹun ni ó fi sọ fún mi pé, “Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀. Ó ṣeun. Tẹ bíréèkì. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa.” Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Fèrè ọkọ̀ òwú náà kún gbogbo ayé. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ọkọ̀ wa. A wọ inú koríko, a gba ìdí igi gẹdú kan kọjá, a dúró. Abọ́ ń yí gbirigbiri lẹ́yìn wa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́.

Ìyá mi pa ọkọ̀. Ó yí ojú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Ta ni mí?”

 Mo ń wo ẹnu rẹ̀, ìmú rẹ̀, ilà kékeré tó wà lábẹ́ ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Ó tún bi mí, ó sì tún bi mí. Omi ti ń bọ́ lójú mi.

Tọkọtaya kan tó ń ro oko lẹ́bàá ibẹ̀ sáré wá. Ará Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò ni wọ́n, èdè wọn sún mọ́ tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àti ìyá mi fi gbọ́ ara wọn yé. Ọkùnrin náà bèèrè ohun tó ṣe mí. Ìyá mi ní, “Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀nà jíjìn ló ti dé.” Ìyàwó rẹ̀ bu omi wá nínú kèrègbè, ìyá mi sì fi fọ ojú mi, ó ń fi ọwọ́ pa á lára mi bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ibà bá mú mi ní kékeré. Ọwọ́ yẹn ni. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ yẹn ló kọ́kọ́ padà wá, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà Moretan.

Mo ní, “Ìyá mi.”

Ó ní, “Alihamudulilahi.” Ìgbà náà gan-an ni kò lè di kèrègbè mú mọ́.

Ọkùnrin náà dá ọkọ̀ kan dúró, ẹnì kan nínú àwọn èrò rẹ̀ tó mọ ọkọ̀ wà ló sì gbé wa padà sílé.  Nígbà tí a dé, ìyá mi ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ní kí èmi náà jókòó.

“Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

Mo mú fóònù. Mo wá fídíò ìjà tó kẹ́yìn yẹn, mo gbé e fún un. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sún un mọ́ ojú. Ó rí mi tí mo ṣubú. Ó rí mi tí mo juwọ́.

Ó bi mí pé, “Kí ni ọkùnrin yìí fi ṣe ọ́?”

“Kò fi nǹkan kan ṣe mí.”

“Ìwọ ńkọ́, kí lo fi ṣe é?”

“N kò fi nǹkan kan ṣe é, Ìyá mi.”

“Àwọn tó ń pariwo yẹn ńkọ́?”

“Wọ́n wá wòran ni.”

Ó da fóònù náà dojú dé orí tábìlì. Ó wo ògiri, ó wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀ oní-táìlì tí mo ní kí wọ́n tẹ́ fún un. Ó ní, “Gbogbo ìgbà tí mo ń fi ilé yìí yangàn, wọ́n ń lù ọ́.” Ó bo ojú. “Ẹ̀rù ilé yìí ti wá ń bà mí báyìí.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni aṣojú mi pè. Ó ti rí ẹgbẹ́ kan ní Kàsàkìsítánì. Wọ́n ń wá oníjà, wọ́n sì ti rí fídíò mi. Ó ní kí n ṣáà sọ fún dókítà wọn pé orí kò fọ́ mi mọ́. Ohun tí mo rò kò dára létí: inú mi dùn. Ẹnì kan ṣì ń fẹ́ mi níbì kan. Mo bi í nípa onírùngbọ̀n pupa yẹn, bóyá òun náà ṣì ń jà.

 Aṣojú mi ní, “Ó ti fi ìjà sílẹ̀. Wọ́n ní bó bá jáde nílé, kì í rí ilé mọ́. Àwọn aládùúgbò ló ń mú un padà. Má ronú lọ síbẹ̀, tìẹ yàtọ̀.”

Mo ní kí ó fún mi láyè. Mo lo àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e bí ẹni tó dúró láàárín ọ̀nà. Bí mo bá lọ, mo lè padà wá láìmọ ẹnikẹ́ni. Bí n kò bá lọ, kí ni mo jẹ́? N kò kọ́ṣẹ́ mìíràn. Ìyá mi kò sọ pé kí n má lọ. Ó kàn ń wò mí, mo sì mọ̀ pé ó ń kà mí bí ẹni ń wo àìsàn lójú ọmọ ọwọ́. Nígbà tó yá ó ní ká lọ rí dókítà ní Lomé.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ tutù. Wọ́n ya àwòrán inú orí mi. Ó fi Faransé ṣàlàyé, ó fi ọwọ́ sí àwọn ibì kan nínú àwòrán náà. Ìyá mi ní, “Kí ló wí?” Èmi ni mo ní láti túmọ̀ rẹ̀. Ó wù mí kí n dín in kù, kò sì sí ẹni tó máa mú mi. Mo wo ojú rẹ̀.

Mo ní, “Ó ní ìpalára ti wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní bí orí mi bá tún gbá nǹkan líle bẹ́ẹ̀, òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun fún wa.”

“Bi í bóyá èyí tó ti bàjẹ́ á tún ara ẹ̀ ṣe.”

Mo bi í. Dókítà náà ní díẹ̀ nínú rẹ̀ lè dára bí mo bá sinmi, ṣùgbọ́n ó tún lè… Mo fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó kù. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo máa fi sọ ọ́. Mo la ẹnu sílẹ̀. Ìyá mi dúró dè mí, kò kán mi lójú. Dókítà náà dúró. Nígbà tó yá mo ní, “Ó lè burú sí i.” Ìyá mi mi orí. Ó dọ́wọ́ lé orúnkún mi, kò sì gbé e kúrò mọ́ títí a fi dìde.

Àgbàlá ilé ìwòsàn náà ni mo ti pe aṣojú mi, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Mo ní n kò lọ, n kò sì ní lọ sí ibòmíràn. Kò bá mi jiyàn. Ó ní òun gbọ́, ó ní kí n tọ́jú ara mi, ó sì pa fóònù. Gbogbo iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe parí láàárín gbólóhùn díẹ̀. Mo rò pé ara máa fúyẹ́ mi. Kò fúyẹ́. Mo dúró síbẹ̀, àyà mi ń lù bí ìgbà tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tí mo fẹ́ lọ bá jà.

N kì í wa ọkọ̀ mọ́. Èmi ni mò ń gbé ẹrù ìyá mi, tí mò ń tò ó, tí mò ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo sọ fún àwọn obìnrin ọjà ohun tó ń ṣe mí, torí mo fẹ́ kí wọ́n lè mú mi dúró bí wọ́n bá rí mi tí mò ń rìn lọ láìmọ ibi tí mò ń lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ẹni tó ń ta omi dídì ló fà mí lápá, tó ní, “Bọ̀dá, ibí là ń gbà.” Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Orí tó ń fọ́ mi ti dín kù, àwọn ọ̀rọ̀ kan ti padà, àwọn kan kò tíì dé.

Láìpẹ́ yìí mo fi ìyá mi ṣeré. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé láàárọ̀, ó kí mi, mo sì wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni. Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo sáré dì í mú, mo ń pariwo pé, “Ìyá mi, eré ni! Eré ni mo ń ṣe!” Kò gbọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. N kò jẹ́ fi ìyẹn ṣeré mọ́ láé.

Lọ́la a máa padà sí Lomé kí wọ́n tún ya àwòrán náà. Ìyá mi ti kó aṣọ wa sínú àpò, ó ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ yìí pé ẹ̀rù ń bà mí. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń jà, n kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọkùnrin kan ṣoṣo. Ó ní òun gbọ́, pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó ní kí n lọ wẹ̀, omi ti gbóná.